Iná Aṣẹ́jú àti Fólítì tí Kò Dúró Lórí Ẹ̀rọ Amúnáwá: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan ní Àkúrẹ́

Gbọ̀ngàn ayẹyẹ tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí wà ní ẹ̀bá ọ̀nà tí ó jáde láti Àkúrẹ́ lọ sí Iléṣà, níbi tí kò sí òpin ọ̀sẹ̀ kan tí wọn kì í ṣe ìgbéyàwó, ìkómọ tàbí ayẹyẹ ìsìnkú. Ẹ̀rọ amúnáwá tí wọ́n ń lò nígbà tí iná NEPA bá lọ jẹ́ onídísù, 20 kVA (ìwọ̀n agbára tí ó lè gbé), onífésì mẹ́ta, ìyẹn ni pé ojú ọ̀nà iná mẹ́ta ni ó ń gbé jáde: pupa, yẹ́lò àti búlúù. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí ní ìgbà 1500 láàrin ìṣẹ́jú kan, èyí tí ó ń fún ilé ní iná 50 Hz (iye ìgbà tí iná ń ṣàn síwá sẹ́yìn láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan). Ẹ̀sùn tí màmá tí ó ni gbọ̀ngàn náà fi ránṣẹ́ pè mí ni pé bí wọ́n bá ti gbé iná sórí ẹ̀rọ amúnáwá ní alẹ́, gbogbo gílóòbù inú gbọ̀ngàn a mọ́lẹ̀, wọn a ṣe bàìbàì, wọn a tún mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa rí títí àlejò yóò fi tú ká. Fáànù ń yí ohùn padà, UPS tí ó wà lára kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ń ké láìdákẹ́, sitebiláísà tí ó ń gbé àwọn fírísà sì ń ta kọ́ọ́, kọ́ọ́, kọ́ọ́. Ohun tí ó ń dun màmá jù ni àwọn fírísà yìí, nítorí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ọ̀kan nínú wọn ti jó, inú wọn ni wọ́n sì ń kó ẹran àti ohun mímu àwọn oníbàárà sí.

Wọ́n ti náwó kí n tó dé. Mẹkáníìkì tí ó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà ti pààrọ̀ AVR, ìyẹn ẹ̀yà tí ó ń ṣọ́ fólítì tí alternator (apá ẹ̀rọ náà tí ń mú iná jáde) ń gbé jáde. Ó ti pààrọ̀ fíltà epo pẹ̀lú. Oníná kan ti sọ pé wáyà ilé náà ti gbó, kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀ kí wọ́n sì fi tuntun sí i. Ẹlòmíràn ní ẹ̀rọ náà ni ó kéré, kí màmá lọ ra 40 kVA. Ìdí tí gbogbo ọkàn fi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀rọ amúnáwá ni pé bí NEPA bá wà, ẹnikẹ́ni kì í ráhùn. Àlàyé yìí jọ òótọ́ létí, ṣùgbọ́n ó dùn mí pé owó AVR ti lọ, owó ẹ̀rọ tuntun sì fẹ́ lọ, láìjẹ́ pé ẹnìkan fi mítà kan wáyà nígbà tí àìsàn náà ń ṣe ilé ọ̀hún lọ́wọ́.

Kí n tó tú bóòtù kankan, mo bi ọmọkùnrin tí ó máa ń tan ẹ̀rọ náà léèrè bóyá ọ̀sán ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ àbí ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ó ní, “Ọ̀gá, lọ́sàn-án kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Bí a bá ti tan iná iwájú ilé ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀.” Mo béèrè ìdí tí kò fi sọ fún mẹkáníìkì. Ó ní wọn kò bi òun. Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ni ó là mí lójú ju ohun gbogbo tí àwọn àgbà ti sọ lọ, nítorí pé ẹ̀rọ tí ó bá ní àìsàn nínú ara rẹ̀ kì í mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru.

Iná iwájú ilé tí ó ń wí jẹ́ gílóòbù halogen mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan 500 wáàtì, tí wọ́n tò sí òkè ẹnu ọ̀nà kí wọ́n lè máa ṣẹ́jú nígbà tí ìyàwó àti ọkọ bá ń wọlé. Àpótí kékeré kan ni ó ń tàn wọ́n tí ó sì ń pa wọ́n: ìṣẹ́jú àáyá kan ní títàn, ìṣẹ́jú àáyá kan ní pípa, gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 4000 wáàtì, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ní 230 fólítì wọ́n ń fa ìṣàn iná tí ó tó ámpìà 17.4. Ẹ̀rọ 20 kVA onífésì mẹ́ta kò lè gbé ju nǹkan bí ámpìà 29 lọ lórí fésì kan. Fésì pupa ni wọ́n so gbogbo gílóòbù náà mọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún gbogbo ohun tí fésì yẹn lè gbé ni ó ń wọlé tí ó sì ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá méjì méjì, láti agogo méje alẹ́ títí di ìgbà tí ayẹyẹ bá parí.

Ohun mìíràn tún wà nípa gílóòbù oníwáyà gbígbóná bí èyí. Wáyà tungsten tí ó wà nínú rẹ̀ kì í dí iná lọ́nà tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó bá tutù, nítorí náà bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, ìṣàn iná tí ó ń fà lè tó ìlọ́po mẹ́wàá ti ìgbà tí ó bá ti gbóná tán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í pẹ́ tí yóò fi rọlẹ̀. Gílóòbù tí a ń pa fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré kì í tutù tán, àmọ́ ó ń tutù tó láti gbá ẹ̀rọ náà ní ẹ̀ṣẹ́ kékeré kan nígbàkúùgbà tí ó bá tún tàn.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí kò sí ayẹyẹ, a tan ẹ̀rọ náà, a sì tan iná inú gbọ̀ngàn àti fáànù díẹ̀. Mítà tí mo lò jẹ́ irú èyí tí ó lè dá ìwọ̀n tí ó kéré jù àti èyí tí ó ga jù mú, nítorí pé mítà lásán kò lè bá fólítì tí ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan sáré. Lẹ́nu ẹ̀rọ amúnáwá gan-an, fésì pupa wà ní 231 nígbà tí iná iwájú kò tíì tàn. Bí a ti tan iná aṣẹ́jú náà, ó já sí 218; kí gílóòbù tó kú, ó ti ń padà bọ̀ sí 228; nígbà tí wọ́n kú, ó fò sí 241 kí ó tó rọlẹ̀. Nínú bọ́ọ̀dù kékeré tí ó wà nínú gbọ̀ngàn, ibi tí wọ́n ti fa iná iwájú náà, ó ń já sí 214. Iye ìgbà tí iná ń ṣàn síwá sẹ́yìn pẹ̀lú ń rìn láàrin 51.6 Hz àti 50.4 Hz. Mo dúró ti mítà, mo ń wo ẹnu ọ̀nà láti ibi tí mo wà: bí iwájú ilé bá ti mọ́lẹ̀ ni nọ́ńbà ń já, bí ó bá ti ṣókùnkùn ni nọ́ńbà ń fò, wọn kò sì yà kúrò lára ara wọn rárá.

Ní ibi yìí ni nǹkan kan ti fara hàn tí ó yẹ kí oníná èyíkéyìí dúró lé lórí dáadáa. Nígbà tí fésì pupa ń já, fésì yẹ́lò ń gòkè. Ó dé 240. Bí fésì kan bá ń já tí òmíràn ń gòkè, ohun àkọ́kọ́ tí ó gbọ́dọ̀ wá sí ọkàn ni pé wáyà níútírà (èyí tí ìṣàn iná fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbà padà) ti dẹ̀ tàbí pé ó ti fẹ́ já, èyí tí ó léwu púpọ̀, nítorí bí níútírà bá já pátápátá lórí ilé onífésì mẹ́ta, fólítì tí ó ga ju 300 lè wọ inú ohun èlò tí wọ́n ṣe fún 230. N kò lè fi ọwọ́ kékeré mú un. A pa ẹ̀rọ náà, a sì yẹ gbogbo ojú ìso níútírà wò, láti ẹnu ẹ̀rọ dé inú ṣéńjófà (swíìṣì tí ń gbé ilé láti orí NEPA bọ́ sórí ẹ̀rọ amúnáwá), láti ṣéńjófà dé bọ́ọ̀dù ńlá àti bọ́ọ̀dù kékeré. Bóòtù kan nínú ṣéńjófà dẹ̀ díẹ̀, a sì fún un le. Lẹ́yìn èyí a tún tan ẹ̀rọ, a sì wọn fólítì láàrin níútírà àti wáyà ilẹ̀: kò tó fólítì méjì nígbà tí iná iwájú tàn. Fésì yẹ́lò ṣì ń gòkè. Ó ń gòkè lẹ́nu ẹ̀rọ amúnáwá gan-an, níbi tí kò sí ojú ìso níútírà kankan láàrin mítà mi àti alternator àyàfi ti ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, èyí tí ó le dáadáa. Ọ̀rọ̀ níútírà kọ́ nìyẹn.

AVR ni ó ń fa ti fésì yẹ́lò. Irú AVR tí ó wà lára ẹ̀rọ yìí ń wo fésì kan ṣoṣo, èyí tí ó sì ń wò ni fésì pupa. Bí ó bá rí i pé pupa ti já, á fi kún iná tí ó ń fún kọ́ìlì tí ń yí nínú alternator, kí fólítì lè padà sókè. Kọ́ìlì kan náà ni ó sì ń bí fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí a bá fi kún pupa nítorí ẹrù rẹ̀, a ti fi kún yẹ́lò àti búlúù tí kò rẹrù. Bí gílóòbù bá kú, agbára tí AVR fi kún un kò tíì kúrò, nítorí náà ni pupa fi ń fò kọjá ibi tí ó yẹ kí ó dúró sí. Ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú ń kó tirẹ̀ kún un. Gọ́fánà rẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà tí ń ṣọ́ ìyípo ẹ́ńjìnnì, jẹ́ èyí tí ń fi sípíríǹgì ṣiṣẹ́. Bí ẹrù bá wọlé lójijì, ìyípo ẹ́ńjìnnì á kọ́kọ́ rẹlẹ̀ kí gọ́fánà tó ṣí epo sí i, bí ẹrù bá sì jáde, ìyípo á ga kí ó tó dín epo kù. Ó dà bí ẹni tí ó ru àpò gààrí tí ẹnìkan ń sọ lé e lórí tí ó sì tún ń gbé e kúrò ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan: alágbára ni ẹni náà, àpò náà kò sì wúwo jù ú lọ, ṣùgbọ́n kò lè rìn déédéé.

Kí n lè fi èyí han màmá àti mẹkáníìkì, mo yọ àpótí aṣẹ́jú kúrò, mo sì so gílóòbù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kí wọ́n máa tàn láìkú. Ẹrù náà kò yí padà, 4000 wáàtì ni. Gílóòbù inú gbọ̀ngàn ṣe bàìbàì lẹ́ẹ̀kan péré bí wọ́n ti wọlé, lẹ́yìn náà ohun gbogbo dúró. Pupa dúró sí 229, ẹ́ńjìnnì ń dún ohùn kan, sitebiláísà dákẹ́. Mẹkáníìkì náà, tí ó jẹ́ àgbàlagbà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, gbé etí sí ẹ́ńjìnnì fún ìgbà díẹ̀, ó sì wí pé, “Ara ẹ̀rọ yìí le. Ẹ má ra òmíràn o, màmá.” Èmi pẹ̀lú rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó lè gbé 4000 wáàtì lórí fésì kan fún wákàtí kan láìmì kò kéré fún gbọ̀ngàn náà.

Ní ti NEPA, a dúró títí iná fi dé, mo sì wọn tirẹ̀ náà. Fólítì tí ó wá ní alẹ́ ọjọ́ yẹn kò ju 207 lọ. Nígbà tí iná iwájú ń ṣẹ́jú, ó ń já sí 201. Èyí fi hàn pé àìsàn náà wà lórí NEPA pẹ̀lú láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó kéré débi pé ojú àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti mọ́ ọn lára. Tàràńsífọ́mà àdúgbò náà jẹ́ 500 kVA, ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ẹ̀rọ màmá, àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tí ó sì wà lẹ́yìn rẹ̀ kò lè mọ̀ pé ẹnìkan tan gílóòbù mẹ́jọ ní Àkúrẹ́. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú fólítì mẹ́fà tí ó ń já lórí NEPA, inú wáyà ilé ni ó ń kú sí. Láti bọ́ọ̀dù ńlá dé bọ́ọ̀dù kékeré jẹ́ mítà 35, wáyà kọ́pà 6 mm² ni wọ́n sì fà. Bí a bá ṣírò àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ tí ó jẹ́ mítà 70, ìdènà rẹ̀ tó 0.22 ohm, ámpìà 17.4 nínú irú wáyà bẹ́ẹ̀ yóò pa fólítì tí ó sún mọ́ mẹ́rin. Iye yìí náà gan-an ni ìyàtọ̀ tí mo rí lórí ẹ̀rọ amúnáwá láàrin ẹnu ẹ̀rọ àti bọ́ọ̀dù kékeré. Oníná tí ó ní kí wọ́n tú gbogbo wáyà ilé rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n mẹ́rin ni wáyà ń jẹ nínú fólítì mẹ́tàdínlógún tí ń sọnù. Títú ilé kì bá tí mú mẹ́tàlá tó kù kúrò.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa sitebiláísà náà, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ni ó ní irú rẹ̀, àwọn ènìyàn sì gbà pé ààbò ni. Irú èyí tí ń lo relay (swíìṣì tí iná fúnra rẹ̀ ń ṣí tí ó sì ń tì) ni, tí ń fo láti ìpele kan sí òmíràn. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo sì ń gbọ́ bí ó ti ń ta lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi. Bí fólítì bá já, ó máa ń gba ìgbà díẹ̀ kí ó tó gbé ìpele sókè. Nígbà tí yóò fi gbé e, AVR ti dá fólítì padà, gílóòbù iwájú sì ti fẹ́ kú. Nítorí náà, ìgbà tí fólítì ń fò ni sitebiláísà tún ń fi tirẹ̀ kún un. Mo wọn 256 lẹ́nu rẹ̀ níbi tí fírísà ti ń mu iná, ó sì tún ń já iná fírísà díẹ̀ nígbà tí ó bá ń yí ìpele. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tí a já iná rẹ̀ tí a sì dá a padà lójú ẹsẹ̀ kì í lè bẹ̀rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ gáàsì inú rẹ̀ ṣì ń tì í padà. Á kàn máa fa iná ńlá, á sì máa gbóná. Mo gbà pé báyìí ni èyí tí ó jó ṣe jó. Títí a fi parí àtúnṣe, a yọ sitebiláísà náà kúrò, a sì so àwọn fírísà mọ́ ẹ̀yà kékeré tí ń dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ó tó dá iná padà fún wọn.

AVR tuntun tí wọ́n fi sí i náà ní ohun tí a ní láti tún ṣe. Ó ní ojú kékeré méjì tí a ń fi sikirudíráfà yí: ọ̀kan fún fólítì, èkejì fún bí yóò ṣe yára sí. Nígbà tí mẹkáníìkì ń wá ojútùú, ó ti yí èkejì yìí débi pé AVR ń yára ju bí ó ti yẹ lọ, tí ó sì ń kọjá ààlà nígbà méjèèjì. A dá a padà díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ẹrù kan tí a ń tàn tí a ń pa, títí fólítì fi ń padà sí àyè rẹ̀ láìfò kọjá. Èyí nìkan mú 241 wálẹ̀ sí 235. Kò ṣe nǹkan kan fún jíjá sí 218, kò sì lè ṣe é, nítorí AVR gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i pé fólítì já kí ó tó mọ̀ pé iṣẹ́ ti dé.

Ayẹyẹ ìgbéyàwó kan wà ní Sátidé tí ó tẹ̀lé e, nítorí náà a kọ́kọ́ ṣe èyí tí ó yá. A pín gílóòbù náà sórí fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mẹ́ta, mẹ́ta àti méjì, a sì yí àpótí aṣẹ́jú padà kí ó lè máa sáré: bí mẹ́rin bá ń kú, mẹ́rin mìíràn ń tàn ní fésì kan náà bí ó ti ṣeé ṣe tó. Ojú ṣì ń rí iná tí ń sáré káàkiri ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹrù tí ẹ̀rọ ń gbé fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà mọ́. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó náà, èyí tí ó já jù lọ nínú bọ́ọ̀dù kékeré jẹ́ fólítì mẹ́rin.

Màmá kò fara mọ́ ọn pátápátá. Ó ní bí ìyàwó bá ń wọlé, gbogbo iná gbọ́dọ̀ jùmọ̀ ṣẹ́jú, ohun tí àwọn oníbàárà ń san owó fún nìyẹn, mo sì gbà pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Nítorí náà ni a fi yọ halogen kúrò, tí a sì fi LED 50 wáàtì mẹ́jọ dípò. Àpapọ̀ wọn di 400 wáàtì. Mo rọ̀ wọ́n kí wọ́n ra irú èyí tí a lè fi wáyà àṣẹ kékeré darí láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ń mójú tó iná, kí àpótí má baà máa já 230 fólítì lẹ́nu wọn. Ìdí rẹ̀ ni pé LED ní kàpásítọ̀, ìyẹn ẹ̀yà tí ń kó iná pamọ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀. Bí a bá ń já iná rẹ̀ tí a ń dá a padà, kàpásítọ̀ náà á máa gba ẹ̀kún ìṣàn iná lójijì nígbà kọ̀ọ̀kan, á sì máa jó ojú swíìṣì inú àpótí títí yóò fi lẹ̀ mọ́ra. A tún wáyà bọ́ọ̀dù kékeré fà pẹ̀lú 16 mm² tí a rà ní Ọjà Ọba, nítorí pé ìlò gbọ̀ngàn náà ń pọ̀ sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé LED náà kò nílò rẹ̀. Nígbà tí gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jùmọ̀ ń ṣẹ́jú lórí ẹ̀rọ amúnáwá, fólítì kan sí méjì ni ó ń já. UPS kò ké mọ́.

Ínfátà tí ó wà ní ọ́fíìsì, 3.5 kVA lórí bátìrì 48 fólítì, ni wọ́n ti gbìyànjú rí láti fi gbé iná iwájú ní àkókò àdúrà tí wọn kì í fẹ́ ariwo ẹ́ńjìnnì, ó sì máa ń kú lójú ẹsẹ̀, nítorí 4000 wáàtì ju agbára rẹ̀ lọ. Ní báyìí ó ń gbé e. 400 wáàtì ń fa nǹkan bí ámpìà mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá láti inú bátìrì bí a bá ka èyí tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ mọ́ ọn, bátìrì wọn sì lè gbé e láìṣe wàhálà.

Ohun tí ó kù ni ti àwọn tí ń gbé iná tiwọn wá láti ìta, pàápàá àwọn onídíjèé, tí àwọn kan nínú wọn ṣì ń lo halogen 1000 wáàtì lórí ìtàgé. A ya sókẹ́ẹ̀tì méjì sọ́tọ̀ fún wọn lórí fésì búlúù, pẹ̀lú búrẹ́kà ámpìà 16 tirẹ̀, jìnnà sí fésì pupa tí AVR ń wò àti yẹ́lò tí àwọn fírísà wà. Màmá ní kí a kọ wáàtì tí àyè gbà sí ara ògiri lókè sókẹ́ẹ̀tì náà, ọmọkùnrin tí ń tan ẹ̀rọ ni ó sì ń ka ohun tí ó wà lẹ́yìn gílóòbù kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó so ó.